Orin Abuto

Ní Sátidé tí wọ́n fẹ́ sin Adoyo, ọmọ Ogola, ìjà méjì ti ṣẹlẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ kí tíì àárọ̀ tó hó. Ìkíní ò tó nǹkan. Ọ̀gbẹ́ni tó gbé sípíkà wá láti ọjà ní òun ò ní so wáyà kankan mọ́ igi láìjẹun, Obura, ẹ̀gbọ́n Ogola, sì pariwo mọ́ ọn pé ilé òkú nibí, kì í ṣe búkà. Wọ́n fún un ní búrẹ́dì, ó so wáyà. Kò pẹ́ tí orin ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í bú jáde nínú àpótí dúdú méjì, tó ń gbọn páànù orí ilé, tí àwọn adìyẹ sì sá wọ inú oko.

Ìjà kejì ni ti ìyá ọmọ. Nyar Seme, ọmọbìnrin Seme, ni wọ́n ń pè é. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà níbìkan, ṣùgbọ́n níhìn-ín, ilẹ̀ tí wọ́n ti fẹ́ obìnrin wá ni wọ́n fi ń pè é títí yóò fi kú, Seme ni wọ́n sì ti fẹ́ ẹ. Ó fa ọkọ rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní gbọ́ wọn, àfi àwọn bí ogún tí wọ́n ti tẹ́tí sílẹ̀.

"Bàbá Adoyo, ìwé yẹn dà?"

"Ìwé wo?"

"Èyí tí nọ́ọ̀sì kọ. Tó ní ká mú Akeyo àbúrò ẹ̀ náà lọ sílé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Èmi fúnra mi ni mo fi lé ẹ lọ́wọ́."

Ogola wo bàtà ara rẹ̀. "Òní kọ́ lọjọ́ ìwé, Nyar Seme. Òkú ń bẹ nílẹ̀."

"Torí pé òkú ń bẹ nílẹ̀ náà ni mo fi ń bèèrè. Ọwọ́ Akeyo ti wú láti Tọ́sìdeè. Ṣé o ti wo ojú ẹ̀? Bí ti Adoyo ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn."

"Mo ti fi ìwé náà pamọ́."

"Síbo?"

Ogola tún wo bàtà. Ọkùnrin yìí, bí ẹ bá bi í pé ta ló jí màlúù rẹ̀ kó, bàtà ni yóò kọ́kọ́ wò. Kó tó gbójú sókè, Obura ti yọ sí wọn láti ẹ̀gbẹ́ ilé, ó wọ kóòtù dúdú, ó di páálí orúkọ àwọn tó máa sọ̀rọ̀ mú.

"Ìwé kí lẹ̀ ń wá kiri láàárọ̀ yìí? Ṣé ìwé ló máa jí ọmọ dìde?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín sọ̀rọ̀."

"Èmi ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Ta ló gbin àgbàdo kí Màmá tó gbìn?"

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti ń parí sí láti ìgbà tí ọmọ ti kú. Nyar Seme gbìn ín lóòótọ́. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, ìyá ọkọ rẹ̀ ti lọ sìnkú àbúrò rẹ̀ ní Uyoma. Ó dúró dè é fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àgbàdo àwọn ará ilé kejì ti ń yọ ewé, ilẹ̀ tirẹ̀ ṣì ṣófo. Ní ọjọ́ kẹwàá ó gbé ọkọ́. Ìyá ilé ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi irúgbìn kan ilẹ̀. Ìyàwó tó bá ṣáájú rẹ̀ ti pe chira wọlé. Chira ni àìsàn tó ń jẹ ẹni tó bá tẹ èèwọ̀ ìdílé lójú, tó ń rù ú kan eegun, bí kò bá sì jẹ òun fúnra rẹ̀, á jẹ ọmọ rẹ̀. Kò sí ìbéèrè tí ẹ bi chira tí kò ní ìdáhùn sí, ìyẹn gan-an ló sì burú nípa rẹ̀.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," Obura wí, "ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Oṣù kẹta la gbìn, oṣù kẹjọ la wà yìí. Àjẹ́ tiyín yìí mà pẹ́ kó tó jẹun o."

Àwọn tó ń tẹ́tí fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rántí ibi tí wọ́n wà. Ojú Obura le. "Gbọ́, obìnrin. Nọ́ọ̀sì ẹ ní inú ẹ̀jẹ̀ ni àìsàn náà ti wá, ti bàbá lápá kan, ti ìyá lápá kan. Ti bàbá wo? Kò sẹ́ni tó ṣe irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí nídìílé wa. Ní Mọ́ńdè, oníṣègùn ń bọ̀ wá fi ewé wẹ ilé yìí. Títí dìgbà náà, kò sí ọmọ tó ń jáde nínú ọgbà. Màmá á sì fi orin sọ ọ́ lónìí, kí gbogbo ayé gbọ́ pé a mọ ohun tó ń ṣe wá."

Ó lọ. Ogola náà lọ. Nyar Seme nìkan ló kù lẹ́yìn ilé, ọ̀rọ̀ orin yẹn ló sì bà á lẹ́rù ju chira lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Nọ́ọ̀sì lè wí tirẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n ká ìwé náà kí wọ́n fi pamọ́. Ohun tí orin arò bá sọ létí pósí ni ìdílé gbà pé ó pa òkú. Ẹnikẹ́ni kì í já orin arò nírọ́. Wọ́n á gbé e lọ sí oko, wọ́n á gbé e lọ sí etí adágún níbi tí wọ́n ti ń sá ẹja, ọmọ tí a kò tíì bí á mọ̀ ọ́n. Ìyá Obura, ìyá ọkọ Nyar Seme, sì ni ọ̀gá nínú orin arò ní gbogbo agbègbè yìí. Bó bá ti fi kọrin pé chira ni, chira ni yóò jẹ́, ewé ni wọ́n á sì máa fi wẹ Akeyo títí wọ́n á fi gbẹ́ ilẹ̀ tirẹ̀ náà.

Akeyo wà nínú ilé ìdáná, ó jókòó sún mọ́ iná. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Oòrùn ti mú, síbẹ̀ ó wọ súwẹ́tà. Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú kẹ̀ǹdù, ó gbé wọn sórí itan bí ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan oníǹkan. Wọ́n ti gbé ògì fún un. Ògì náà ti dì lójú.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Kò dùn mí," ọmọ náà wí. Ó ti gbọ́ pé Adoyo sọ pé ó ń dùn òun, ó sì ti rí ibi tí wọ́n gbé Adoyo sí.

Níta ilé ìdáná, àwọn obìnrin yí àwo ẹ̀wà ká, wọ́n ń ṣa òkúta inú rẹ̀. Wọ́n á sè é pọ̀ mọ́ àgbàdo fún àwọn àlejò. Ìkòkò òkèlè àti ti ẹja wẹ́wẹ́ ti wà lórí iná mìíràn. Bí Nyar Seme ṣe jókòó tì wọ́n, gbogbo ẹnu pa dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Ẹ kú ìrọ́jú o," ọ̀kan wí. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Agbè gan-an ló ń jò," Nyar Seme dá a lóhùn. "Ẹ wo inú ilé ìdáná yẹn, ẹ̀ẹ́ rí omi tó kù."

Kò sẹ́ni tó wò. Òmíràn ní kí ó má sọ bẹ́ẹ̀, ó ní gbogbo nǹkan á dára lẹ́yìn Mọ́ńdè, ó ní oníṣègùn yẹn mọṣẹ́, òun ló wẹ ilé àwọn kan ní ìsàlẹ̀ odò. Ẹlòmíràn bi í pé ọmọ wọn wá yè bí? Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣa òkúta kan, ó wò ó, ó jù ú nù. Ó ní ìyẹn tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú.

Aluoch náà wà láàárín wọn. Ìyá àgbà ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, aládùúgbò Ìyá Obura láti ìgbà tí wọ́n ti jọ jẹ́ ìyàwó tuntun. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí kò bá rí ọ̀rọ̀ sọ, orin ni yóò máa kùn. Orin ló ń kùn bó ti ń ṣa ẹ̀wà, ohùn rẹ̀ ò ju ti kòkòrò lọ, ariwo sípíkà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó. Àárín orin ìjọ méjì, nígbà tí ọ̀gbẹ́ni sípíkà ń wá èyí tó kàn, ni Nyar Seme gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ wú bí ọ̀dùnkún inú eérú,
ojú rẹ pọ́n rúsúrúsú bí máńgòrò,
atẹ́gùn òwúrọ̀ fẹ́, o wó lulẹ̀,
o ní, eegun mi o, ìyá, eegun mi.

Ọwọ́ Nyar Seme dúró nínú ẹ̀wà. "Màmá, ta lẹ ń kọrin nípa ẹ̀?"

"Hẹn? Ẹ̀ẹ̀, jàre, ẹnu mi ló yọ̀. Orin àtijọ́ ni."

"Ṣé Adoyo lẹ ti ń kọrin fún ni?"

"Adoyo kẹ̀! Ta ni mo jẹ́ tí n ó gba orin lẹ́nu ìyá ọkọ ẹ? Orin Abuto ni."

"Ta ni Abuto?"

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Aluoch fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹnu tó ti ṣí fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ọwọ́ kan ò lè tì í. "Wọn ò sọ fún ẹ? Kì í ṣe ẹ̀bi wọn, a kì í dárúkọ ọmọ tó kú nínú ilé, àfi nínú orin. Ọmọ ìyá ọkọ ẹ ni. Ó tẹ̀ lé Obura. Ogola ṣì wà lẹ́nu ọmú nígbà yẹn. Ọmọ tó dáa ni, àmọ́ tí òtútù bá ti mú báyìí, ó di kó máa ké. Ìyá ẹ̀ ló dá orin yẹn fún un. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ibi tó ti ní 'eegun mi' yẹn, àwa la máa ń gbè é."

"Ogola wà lẹ́nu ọmú," Nyar Seme tún un sọ. "Èmi náà ò tíì rìn nígbà yẹn, ní Seme."

"O ò tíì rìn, bóyá wọn ò tíì bí ẹ."

"Nítorí náà, mi ò gbin àgbàdo ẹnikẹ́ni."

Aluoch ṣẹ́jú. Ó wo àwo ẹ̀wà, ó wo ilé ìdáná níbi tí ọmọ wà.  Nyar Seme ti dìde.

Ìyá Obura wà nínú ilé tirẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó ń múra ohùn sílẹ̀. Omi gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti ju aṣọ dúdú sí èjìká kan, ó di ásáà tó fi bébà wé mú, ó ń fi ìka méjì bù ú sí imú díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kò fẹ́ràn ọmọ ọmọ rẹ̀. Adoyo ló ń sùn tì í, Adoyo ló ń bá a ti òwú bọ abẹ́rẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan."

"Jẹ́ kí n ráyè gbá ọ̀fun mi jọ. Wọ́n á pè mí láìpẹ́."

"Ta ló gbin àgbàdo ṣáájú yín lọ́dún tí Abuto kú?"

Ìka méjèèjì dúró láàárín ọ̀nà imú. Níta, sípíkà ń ké pé ayọ̀ ń bẹ ní òkè odò. Ìyá àgbà náà gbé bébà náà sórí itan, ó wo aya ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé ó wọlé láìwọṣọ.

"Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ẹ?"

"Orin yín ni. Ọwọ́ wú, ojú pọ́n, eegun ń ké. Màmá, Adoyo nìyẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yàtọ̀. Akeyo nìyẹn nílé ìdáná. Nọ́ọ̀sì ní hóró ẹ̀jẹ̀ wọn tẹ̀ bíi dòjé, wọ́n ń kọ́ ara wọn lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ ò lè kọjá. Ó ní ó ti wà nínú ẹbí tipẹ́. Ẹ̀yin lẹ ti sọ ọ́ kí nọ́ọ̀sì tó sọ ọ́! Ẹ kàn kọ ọ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ lọ́dún yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fi àgbàdo bò ó."

"Wọn kì í kọ orin òkú kan fún òkú mìíràn."

"Mo mọ̀, Màmá, àmọ́..."

"O mọ̀? Ìwọ tí o mọ̀ pé a kì í gbìn ṣáájú ìyá ilé, tí o sì gbìn? Kí lo wá mọ̀?" Ó fa aṣọ dúdú mọ́ra. "Èmi náà ṣe nǹkan, lọ́dún yẹn. Mo jẹun nílé àna mi kí wọ́n tó mú ẹran ìdána wá, èèwọ̀ sì ni. Ìyá ọkọ mi ló sọ fún mi pé ìyẹn ló fà á. Mo gbà. Mo ti gbà á fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni, kí ni mo wá ń gbé kiri láti ìgbà yẹn? Jáde nílé mi."

"Màmá..."

"Mo ní kó o jáde."

Ó jáde. Ohun tó ń bí ni nínú jù nínú irú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sí ìkà ènìyàn kankan níbẹ̀ tí ẹ lè nàka sí kí ẹ sì sinmi. Ìyá tí wọ́n fi ẹ̀bi dì lẹ́rù ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ó ti rù ú títí ó fi mọ́ ọn lórí, ó wá ń sọ ọ́ lé ẹlòmíràn lórí. Ọmọ ṣì ń kú.

Ní ọ̀sán, wọ́n gbé pósí sí abẹ́ tapólì. Pósí kékeré ni, wọ́n kùn ún ní funfun. Àlùfáà gbàdúrà, olùkọ́ Adoyo sọ pé ó mọ ìṣirò, Obura sì gba gbohùngbohùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, pé àwọn àgbà ìdílé ti rí ibi tí omi ti wọlé, wọn yóò sì dí i ní Mọ́ńdè. Ó ní òun ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ojú lọ sára Nyar Seme. Ogola, tó jókòó tì í, sún ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bóyá nítorí oòrùn.

Wọ́n pa sípíkà. Àwọn ènìyàn mí kanlẹ̀, nítorí èyí ni wọ́n wá gbọ́.

Ìyá Obura dìde. Ó fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀, ó ń yí pósí ká díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn obìnrin yìí rí kò lè mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó gòkè, ó sì dúró sókè níbẹ̀ láìfà. Ó pe Adoyo ní ọmọ ìgbà ìroko. Ó pè é ní ìka ọwọ́ òun, ẹni tó ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fún òun. Àwọn ọkùnrin bojú. Ìyá ọmọ náà sunkún, ó gbàgbé ìbínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, nítorí òtítọ́ ni gbogbo ohun tí orin náà ń sọ.

Lẹ́yìn náà ni orin náà yí padà.

Ta ló fi irúgbìn sílẹ̀ kí ìyá ilé tó dé?
Adoyo, ta ló ṣílẹ̀kùn fún ohun tó mú ọ lọ?

Àwọn obìnrin kùn, hùn-ùn-ùn. Obura mi orí. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: Nyar Seme wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó rí Akeyo tó jáde wá, tó fara ti òpó, tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí ohunkóhun má bàa fara kàn wọ́n. Ó dìde. Kò ní ohùn tó dùn. Ohùn rẹ̀ ti há láti ọjọ́ márùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀ orin náà, ó fi lé orí ti ìyá ọkọ rẹ̀.

Adoyo ọmọ mi, ọwọ́ rẹ wú bí ọ̀dùnkún inú eérú...

"Kí ló ń ṣe?" Obura ké. "Ẹ mú un jókòó!"

...ojú rẹ pọ́n rúsúrúsú bí máńgòrò,
atẹ́gùn òwúrọ̀ fẹ́, o wó lulẹ̀,
o ní...

Kò sẹ́ni tó pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹnu ló ṣe é. Gbogbo ìyá àgbà tó wà níjókòó ti ń gbe orin yẹn láti ọdún tí Abuto kú. Nígbà tí ó kan ibi tí wọ́n ti ń gbè é, wọ́n gbè é. Ohùn Aluoch ló ga jù.

Eegun mi o, ìyá, eegun mi.

Ìgbà tó jáde lẹ́nu wọn tán ni wọ́n tó gbọ́ ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n wo pósí funfun. Wọ́n wo ara wọn. Orin Abuto ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí a ní láti pààrọ̀, àyàfi orúkọ. Ẹnìkan lẹ́yìn sọ jẹ́jẹ́ pé, "Àbí bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí?" Àwọn tó dàgbà jù bẹ̀rẹ̀ sí í wo Obura, ẹni tó ní kò sẹ́ni tó ṣe irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí nídìílé wọn, tó sì ti tó ọmọ tó ń da màlúù lọ́dún tí wọ́n sin àbúrò rẹ̀. Obura tẹjú mọ́ páálí ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá Obura ti dá orin rẹ̀ dúró. Ó dúró níwájú pósí, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú.

Nyar Seme ò tíì parí. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, omijé ń ṣàn wọ ẹnu rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ake...

Ìyá àgbà náà sọ ọ̀pá nù. Ẹni tí wọ́n ń fà dìde láàárọ̀ fò kọjá pósí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo aya ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ó tì í títí wọ́n fi jọ ṣubú lu ìjókòó.

"Má dárúkọ ẹ̀! Má dárúkọ ẹ̀ nínú orin yẹn! Ó wà láàyè! Ṣé wèrè ni ẹ́?"

Nyar Seme ò bá a jà. Ó sọ̀rọ̀ láàárín ìka ọwọ́ rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nìkan ló gbọ́. "Ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ nígbà náà, Màmá. Ní ọdún tó ń bọ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

Wọ́n sin Adoyo láìsí orin. Obura ní kí wọ́n tan sípíkà, ọ̀gbẹ́ni sípíkà sì wò yíká, ó ní wáyà ti já. Wáyà ò já. Ariwo ṣọ́bìrì nìkan ni wọ́n gbọ́ títí ilẹ̀ fi kún.

Àwọn àlejò ń jẹun nígbà tí Ìyá Obura jáde nínú ilé rẹ̀. Ó ti bọ́ aṣọ dúdú, ó wọ bàtà tó ń wọ̀ lọ sóde. Ó wá sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó tú bébà ásáà rẹ̀, ó gbọn ásáà tó kù nínú rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ́ bébà náà lórí orúnkún, ó nà án sí Nyar Seme. Ìwé nọ́ọ̀sì ni. Ó ti rọ, ó ti pọ́n láwọn ibi tó ká sí, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣì hàn.

"Ogola ló ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀," ó wí. "Mi ò mọ̀wé. Ṣé òun ni?"

Nyar Seme mi orí pé òun ni. Ó gbà á.

"Gbé ọmọ yẹn pọ̀n mí."

Obura dé bí wọ́n ṣe ń dé ojú ọ̀nà ọgbà, òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá, níbo? Ilẹ̀ ibojì ò tíì gbẹ! Ìyá tó sìnkú kì í kúrò nílé kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ wa. Èèwọ̀ mìíràn tún nìyí! Oníṣègùn ń bọ̀ ní Mọ́ńdè, ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ!"

"Àgbàdo ló gbìn tẹ́lẹ̀," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn, kò dúró. "Èyí, èmi ni mo ní kó ṣe é. Bí chira bá ń wá ẹni tó máa jẹ, ó mọ ilé mi. Mo ti kọ orin yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó yìí kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì lójú mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta ò sí lọ́fun mi."

Ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìkóríta ti ti ìlẹ̀kùn pa. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Sátidé láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, bí ẹni pé àìsàn náà ń sinmi lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní láti dé ìlú. Ọkọ̀ èrò matatu méjì kọjá, wọ́n kún. Ẹ̀kẹta rí aṣọ ọ̀fọ̀ Nyar Seme, kò tilẹ̀ rọra. Wọ́n jókòó sórí òkúta létí títì. Oòrùn ti ń rọlẹ̀, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti adágún.

Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ogola ni, ó sáré títí èémí fi fẹ́ pin nínú rẹ̀. Ó mú bùláńkẹ́ẹ̀tì wá. Ó dà á bo ọmọ lẹ́yìn ìyá àgbà, ó ká etí rẹ̀ sínú kí atẹ́gùn má baà wọlé, ó sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. 

Akeyo ti ń ké jẹ́jẹ́. "Dani," ó wí fún ìyá bàbá rẹ̀, bí àwọn ọmọ ṣe ń pè é, "kọrin fún mi."

Ìyá àgbà náà mi ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ pọn ọmọ sùn. Ó ya ẹnu. Ẹnu rẹ̀ ti ń dá orin láti ìgbà ọmọbìnrin, kò tíì wá orin tì rí. Èyí tó wá sí i lẹ́nu, ó mọ̀ ọ́n, ó sì pa ẹnu dé.

"Lónìí kọ́," ó wí. "Jẹ́ ká máa wo ọ̀nà."